Ìwé Kékeré Tó Lé Áàpù Ẹ Jáde Ní Ṣọ́ọ̀bù

Àbúrò kan tó ń gbé Ṣómólú ló bi mí ní ìbéèrè yìí, mo gé e kúrú díẹ̀:

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo kọ áàpù kan fún àǹtí mi tí wọ́n ń ta àǹkárá àti léèsì ní Balógun, kí wọ́n lè máa fi kọ ọjà tí wọ́n bá tà sílẹ̀ àti gbèsè tí àwọn kọ́sítọ́mà bá jẹ wọ́n. Oṣù mẹ́ta ni mo fi ṣe é. Wọ́n gbà á, wọ́n ṣàdúrà fún mi, wọ́n lò ó bí ọjọ́ mẹ́rin, wọ́n tún padà sídìí ìwé wọn. Mo ṣe fídíò tó máa kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń lò ó, wọn ò wò ó. Àwọn ọ̀rẹ́ mi tí àwọn náà ń kọ áàpù ní ó rọrùn gan-an. Ṣé torí pé àwọn àǹtí ò kàwé púpọ̀ ni, àbí kí ni mo ṣe tí ò dáa?"

Àbúrò, ìwọ náà kú iṣẹ́, iṣẹ́ oṣù mẹ́ta kì í ṣe kékeré.

Ọ̀rọ̀ pé wọn ò kàwé púpọ̀ yẹn, jọ̀ọ́ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, torí tó o bá dì í mú, gbogbo nǹkan tó o bá tún ṣe lẹ́yìn ẹ̀ á kàn máa wọ́ ni. Ẹni tó ti ń ta léèsì ní Balógun láti ọjọ́ pípẹ́, tó mọ iye tó kó ọjà, iye tó fún alábárù, iye tí dọ́là wà lọ́jọ́ tó kó o, tó sì tún rántí pé obìnrin tó ń kọjá lọ lọ́ọ̀ọ́kán yẹn ṣì jẹ òun ní ẹgbẹ̀rún méjì láti ìgbà Iléyá, ṣé onítọ̀hún ni ọpọlọ ẹ̀ ò gbé áàpù? Ọwọ́ ẹ̀ ló dí. Mo mọ dókítà, mo mọ lọ́yà, mo mọ máníjà báǹkì tí wọ́n á ju áàpù ẹ sílẹ̀ bákan náà, torí nǹkan mẹ́ta ni wọ́n ń ṣe lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àwọn ọ̀rẹ́ ẹ tí wọ́n ní ó rọrùn, inú yàrá ni wọ́n ti wò ó, fáànù ń fẹ́ sí wọn lára, ẹnikẹ́ni ò pè wọ́n, ẹnikẹ́ni ò ná ọjà lọ́wọ́ wọn.

Èmi náà ti ṣe irú nǹkan tó ò ń ṣe yìí rí. Kí n tó kọ ohunkóhun, mo lọ jókòó sí ṣọ́ọ̀bù ìyá kan ní Ìdúmọ̀tà láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, orí àpótí ni mo jókòó sí, mi ò ṣe ju kí n máa wò lọ. Ìwé ẹ́sásáìsì kan wà lórí àwọn búńdùlù àǹkárá, ẹ̀yìn ẹ̀ ti ya, wọ́n fi okùn so bírò mọ́ ọn. Màmá yìí ṣí i, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ: "Iya Ibeji Mushin 6yds 18". Wọn ò tíì kọ ọ́ tán tí ẹnìkan fi dé, màmá, èló ni búlúù yìí. Wọ́n ki bírò sáàárín ìwé, wọ́n pa á dé, wọ́n dìde. Obìnrin yẹn ná an, wọ́n dá a lóhùn, ó bínú lọ, ó tún padà wá, wọ́n fi tépù wọn yàáàdì márùn-ún fún un, wọ́n gé e, wọ́n ká a, ó ní òun máa ṣe tíránsífà, álẹ́ẹ̀tì ò wọlé, gbogbo wa ń wo fóònù, wọ́n tún ń pe ọmọ wọn nílé pé ṣé ó ti gbé ìrẹsì kaná, álẹ́ẹ̀tì wọlé, obìnrin yẹn lọ. Ó tó ogún ìṣẹ́jú dáadáa kí wọ́n tó tún jókòó. Wọ́n ṣí ìwé níbi tí bírò wà, wọ́n fi "bal 4" parí ìlà yẹn. Ó tán.

Tún un kà. Ìwé yẹn ò bi wọ́n pé ta ni wọ́n kó tó ṣí. Kò pa "Iya Ibeji Mushin 6yds 18" rẹ́ torí pé wọn ò parí ẹ̀. Bírò yẹn gan-an ló bá wọn di ibi tí wọ́n dúró sí mú. Báyìí wá fi áàpù ẹ síbẹ̀. Wọ́n ti tẹ orúkọ, wọ́n ti tẹ yàáàdì, wọ́n gbé fóònù sílẹ̀ torí ọwọ́ méjèèjì ni wọ́n fi ń wọn aṣọ, ojú fóònù kú lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá, ìpè wọlé, wọ́n gbé e, wọ́n wo álẹ́ẹ̀tì, wọ́n padà sí áàpù ẹ, áàpù ẹ ní kí wọ́n tẹ páásíwọọ̀dù, wọ́n tẹ̀ ẹ́, ó gbé wọn lọ sí ojú ewé àkọ́kọ́ níbi tó o ti kọ "Welcome back" sí, ohun tí wọ́n ti tẹ̀ sì ti lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta péré ni irú ẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀. Ní ẹlẹ́ẹ̀kẹrin, èmi náà á wá bírò mi.

Mi ò tíì rí áàpù ẹ o, ṣùgbọ́n mo lè fi ìdí ẹ̀ múlẹ̀ pé ibẹ̀ ló ti ń dùn ẹ́: kò gba kéèyàn fi í sílẹ̀ láàárín. Ìwé gbà á. Gbogbo nǹkan yòókù tí mo fẹ́ sọ, ẹ̀ka èyí ni.

Nítorí náà, àkọ́kọ́ ṣe. Gbogbo lẹ́tà tí wọ́n bá tẹ̀, jẹ́ kó wọ inú fóònù lójú ẹsẹ̀, má dúró de bọ́tìnì "Save" kankan. Tí wọ́n bá kúrò tí wọ́n padà, bóyá lẹ́yìn ìṣẹ́jú méjì ni o, bóyá lọ́jọ́ kejì ni o, bóyá fóònù kú ni o, ìlà tí wọn ò parí yẹn ni kó wà lójú, bó ṣe wà gẹ́lẹ́. Wo WhatsApp, o tẹ ọ̀rọ̀ sí ẹnìkan dé ìdajì, o jáde, o padà lọ́jọ́ kejì, ọ̀rọ̀ ẹ ṣì wà níbẹ̀ ń dúró dè ẹ́. Kò sẹ́ni tó yìn ín fún ìyẹn torí kò sẹ́ni tó kíyè sí i, bẹ́ẹ̀ ara nǹkan tó jẹ́ kí àwọn ìyá wa lè máa lò ó nínú ọjà nìyẹn. Ọ̀rọ̀ páásíwọọ̀dù ńkọ́? Fóònù wọn ti ní títì tiẹ̀. Tó o bá ń bẹ̀rù, jẹ́ kó máa béèrè nígbà tí wọ́n bá fẹ́ wo èrè tàbí kí wọ́n pa nǹkan rẹ́, kì í ṣe nígbà tí wọ́n bá kàn fẹ́ kọ ìlà kan.

Àwọn kan máa ń sọ fún mi pé ṣebí àwọn ìyá yìí kan náà ń tẹ kóòdù báǹkì bíi *737# àti irú ẹ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni kọ́ wọn. Òótọ́ ni, ó sì ní ìdí. Lẹ́tà 182 péré ni ojú ewé USSD kan, ìyẹn irú kóòdù bẹ́ẹ̀, lè gbà, nítorí náà ẹni tó ṣe é ò ráyè kó nǹkan púpọ̀ síbẹ̀, ìbéèrè kan lójú ewé kan, o dáhùn, ó kàn. Ìyẹn ni kó o kọ́ lára ẹ̀. Ṣùgbọ́n òun náà ò gba ìdádúró, o jáfara díẹ̀ ó ti já, ìdí nìyẹn tí wàá fi rí i pé wọ́n á kọ́kọ́ ní kí kọ́sítọ́mà ní sùúrù kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́. Owó ni, wọ́n gbà láti dúró fún owó. Àkọsílẹ̀ ọjà, wọn ò ní dúró fún un.

Ẹ jẹ́ ká wá dé orí fọ́ọ̀mù. Mo lè búra pé áàpù ẹ béèrè "First name" àti "Surname" kọ́sítọ́mà, ó sì fẹ́ nọ́ńbà fóònù, bóyá ímeèlì pàápàá. Àbúrò, ta ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Balógun? Ohun tó wà nínú ìwé àǹtí ẹ ni "Alhaja onijiipu", "Mama Tobi Ketu", "omo Egba dudu", "Iyawo pasito". Àwọn orúkọ yẹn dáa ju tìẹ lọ torí àwọn ló ń jẹ́ kí wọ́n rántí ojú. Àpótí kan ṣoṣo fún orúkọ, kí wọ́n kọ ohun tó bá wù wọ́n, ó parí. Nọ́ńbà fóònù lè wọlé lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ pe onígbèsè.

Ẹ̀ṣẹ̀ èmi náà wà níbí o. Nígbà kan mo wà lára àwọn tó ṣe sọ́fítíwíà fún ọsibítù kan ní Mainland, mi ò ní dárúkọ ẹ̀. Àwa la ní kí gbogbo àpótí jẹ́ ọ̀ranyàn lórí káàdì aláìsàn, nọ́ńbà fóònù, ọjọ́ ìbí, àdírẹ́sì, ẹni tí wọ́n lè pè, gbogbo ẹ̀, a rò pé a ń ṣe nǹkan gidi. Nígbà tá a padà lọ wo ohun tí wọ́n ti kọ síbẹ̀, àwọn aláìsàn tí wọ́n bí ní 1 January pọ̀ lọ jàǹtìrẹrẹ, fóònù wọn sì jẹ́ oódo mọ́kànlá. Ẹni tó jókòó síwájú níbẹ̀ ní èèyàn mẹ́rìnlá lórí ìlà, ọmọ kan ń ké, áàpù ò jẹ́ kó kọjá láìkọ nǹkan kan síbẹ̀, ó kọ nǹkan kan síbẹ̀. Ojú tì mí. Àpótí òfìfo ì bá sọ òótọ́ fún wa pé a ò mọ̀, àmọ́ àwa la fi tipátipá ra irọ́. Látìgbà yẹn, tí ẹnìkan bá fẹ́ fi ọ̀ranyàn sí àpótí kan, mo máa ń bi í pé kí ló máa bàjẹ́ tó bá ṣófo? Ọ̀pọ̀ ìgbà, kò sí.

Orí owó nìkan ni mo máa pẹ́ sí díẹ̀, torí ibẹ̀ ni áàpù ti máa ń purọ́ láìmọ̀. O rí "18" yẹn? ₦18,000 ni. "Bal 4" ni ₦4,000. Tí wọ́n bá sì ń sọ ọ́ lẹ́nu, "four-five" ni ₦4,500, àwọn kan á sì kọ ọ́ ní 4.5. Áàpù ẹ máa gbà á ní náírà mẹ́rin àti àádọ́ta kọ́bọ̀, kò ní sọ̀rọ̀, á kàn lọ ṣírò èrè lálẹ́ tí àǹtí á fi pariwo. Ta ló ń fi kọ́bọ̀ ra léèsì? Nítorí náà, tí wọ́n bá tẹ 4.5, kọ ₦4,500 gàdàgbà sísàlẹ̀ ẹ̀ kí wọ́n lè fi ìka kan gbà á. Má yí i padà fúnra ẹ láìsọ o, àwọn nǹkan kéékèèké bíi bọ́tìnì aṣọ àti òwú wà tí owó wọn ò tó ẹgbẹ̀rún. Yàáàdì náà gbọ́dọ̀ gba ààbọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mo tún rí àwọn áàpù tó jẹ́ pé èèyàn gbọ́dọ̀ to gbogbo ọjà àti iye wọn sílẹ̀ kó tó lè tà nǹkan kan. Balógun nibí o, kì í ṣe súpámákẹ́ẹ̀tì. Aṣọ kan náà, iye mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ láàárín wákàtí kan, ó wà lọ́wọ́ ẹni tó ná an àti bí ọjà ṣe rí lárọ̀ yẹn.

Nǹkan kan tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀: nọ́ńbà orí fóònù àti ti kakulétọ̀ ò tò bákan náà. Ti fóònù, 1-2-3 ló wà lókè. Ti kakulétọ̀, 7-8-9 ló wà lókè. Àwọn ará Bell, ilé-iṣẹ́ fóònù ní Amẹ́ríkà, ló dán oríṣiríṣi bí bọ́tìnì fóònù ṣe lè tò wò, wọ́n gbé àbájáde ẹ̀ jáde ní 1960, fóònù onítẹ̀ wá jáde ní 1963, kakulétọ̀ ti wà lọ́nà tiẹ̀ kó tó dìgbà yẹn, méjèèjì ò sì padà pàdé títí dòní. Ó kàn ẹ́ torí pé àǹtí ẹ ń tẹ kakulétọ̀ láìwò ó, ojú wọn wà lára kọ́sítọ́mà, ìka wọn ń ṣiṣẹ́ tiẹ̀. Tí ojú àpótí owó nínú áàpù ẹ bá jọ ti fóònù, ìka wọn á máa tẹ 7 níbi tí 1 wà. Fún wọn ní kakulétọ̀, kó tóbi, kó gba ìdajì ojú fóònù. Àní tó bá jẹ́ èmi ni, ohun àkọ́kọ́ tó máa ṣí nìyẹn: kakulétọ̀, àpótí orúkọ kan lókè ẹ̀, bọ́tìnì méjì nísàlẹ̀, "Ó san" àti "Àwìn". Kò tún sí nǹkan mìíràn lójú ewé yẹn. Gbogbo gíráàfù aláràbarà tó o fi síwájú yẹn, gbé e lọ sẹ́yìn.

Gbèsè ló tún kù. Tí onígbèsè bá san tán nínú ìwé, wọ́n á fa ìlà gbọọrọ lé orúkọ ẹ̀ lórí, mo ti rí ìyá tó fa ìlà yẹn lẹ́ẹ̀mejì, inú ẹ̀ dùn. Ìlà yẹn ń ṣiṣẹ́ méjì: ó ní ó ti san, ó sì ní ó jẹ rí. Áàpù tó bá kàn pa orúkọ rẹ́ nígbà tó bá san tán ti sọ ẹ̀rí nù, lọ́jọ́ tí Alhaja onijiipu bá wá ní òun ò jẹ ẹnikẹ́ni rí, kí lẹ máa fi hàn án? Fa ìlà lé e, fi í síbẹ̀. Kí ó sì ṣeé san díẹ̀díẹ̀, ẹgbẹ̀rún kan lónìí, ẹẹ́dẹ́gbẹ̀ta lọ́la.

Má sì jẹ́ kí iye tí wọ́n kó ọjà fara hàn lójú fóònù nígbà tí wọ́n bá ń tà. Ojú kọ́sítọ́mà mú o. Ìyá Ìdúmọ̀tà yẹn ní lẹ́tà tí wọ́n fi ń kọ iye tí wọ́n kó o sí ẹ̀gbẹ́ aṣọ, àwọn àti ọmọ ṣọ́ọ̀bù wọn nìkan ló mọ ìtumọ̀ ẹ̀. Ààbò nìyẹn jẹ́, kò sì sí ẹnjiníà kankan tó bá wọn dá a.

Ọmọ ṣọ́ọ̀bù, ẹ ẹ̀ rí i, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó lè jẹ́ òun gan-an ni gbogbo wàhálà. Tí àǹtí ẹ bá lọ sí báǹkì, ta ló ń tajà? Ọmọ ṣọ́ọ̀bù. Fóònù ńkọ́? Ó bá àǹtí lọ. Ìwé ńkọ́? Ó wà lórí búńdùlù. Kò sí bó o ṣe lè tún ojú áàpù ṣe tó máa yanjú ìyẹn. Lọ béèrè. Bóyá fóònù kékeré kan ni wọ́n máa rà fún ṣọ́ọ̀bù, bóyá ọmọ náà á máa kọ ọ́ sórí tiẹ̀ kó máa wọ inú ti àǹtí, bóyá ìwé náà á ṣì wà tí wọ́n á kàn máa ya fọ́tò ojú ewé kan lálẹ́. Èyí tó kẹ́yìn yẹn, má fojú kéré ẹ̀. Gbèsè àtijọ́ tó ti wà nínú ìwé náà, má ní kí wọ́n jókòó tẹ gbogbo ẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, fọ́tò ni kí wọ́n yà á, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ látòní.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì: kí áàpù ẹ ṣiṣẹ́ bíi pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sí láyé yìí. Kó kọ ọ́ sínú fóònù, tó bá rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kó bá tiẹ̀ lọ lẹ́yìn, má jẹ́ kó máa pe ẹnikẹ́ni sí i. Tí nǹkan kan bá wà tó gbọ́dọ̀ lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó di dandan kó o ronú sí ẹni tó máa tẹ bọ́tìnì lẹ́ẹ̀mejì, torí wọ́n máa tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀rù ń bà wọ́n ni. Gbogbo wa ni ìbẹ̀rẹ̀ 2023 ṣojú ẹ̀, nígbà tí owó bébà wọ́n tí gbogbo ọjà ń gba tíránsífà, owó á kúrò lọ́dọ̀ ẹni tó san, kò ní dé ọ̀dọ̀ ẹni tó tà, àwọn méjèèjì á dúró sójú kan máa wo ara wọn. Látìgbà yẹn ọwọ́ tó bá tẹ nǹkan tí kò rí èsì á tún un tẹ̀. Kí bọ́tìnì ẹ kú ní kété tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, kó sì sọ̀rọ̀. Jakob Nielsen, ará Dẹ́ńmáàkì tí iṣẹ́ yìí gan-an jẹ́ iṣẹ́ ẹ̀, kọ ọ́ láti 1993 pé tí nǹkan bá ti kọjá ìṣẹ́jú àáyá 10, ọkàn èèyàn á ti kúrò níbẹ̀, á fẹ́ lọ ṣe nǹkan mìíràn. Ní Balógun, mo rò pé kò tó bẹ́ẹ̀. Fún ìlà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tiẹ̀ látinú fóònù, kí sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń gba àkọsílẹ̀ náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, lè mọ̀ pé ẹlẹ́ẹ̀kejì tó dé yìí, àkọ́kọ́ náà ni. "An error occurred" tó wà lójú áàpù ẹ, pa á rẹ́ lónìí. Kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ àti ohun tí wọ́n máa ṣe: "Ó ti wà nínú fóònù yín. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni ò tíì sí. Ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ."

Àti àwọn "Are you sure?" yẹn. Lẹ́yìn ọjọ́ kejì ìka á ti mọ ibi tí "Yes" wà, á máa tẹ̀ ẹ́ kí ojú tó kà á. Jẹ́ kí wọ́n pa á rẹ́, kó o sì gbé "Ẹ dá a padà" sísàlẹ̀, kó wà níbẹ̀ títí di ọjọ́ kejì pàápàá, kì í ṣe kó farahàn fún ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún kó sá lọ.

Mo mọ ohun tó ò ń rò báyìí, pé gbogbo iṣẹ́ yìí ti pọ̀ jù. Ó pọ̀ lóòótọ́. Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Larry Tesler, ó ṣiṣẹ́ ní Xerox àti Apple, ó wà lára àwọn tó gbé kọ́pì-àti-péèsì tí gbogbo wa ń lò jáde, 2020 ló kú. Òun ló sọ pé ó ní iye wàhálà tó wà nínú iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tí kò ṣeé yọ kúrò, kìkì ẹni tó máa rù ú ló kù tí ẹ máa jọ pinnu. Ó dà bíi pé ó ti bá alábárù ṣòwò rí. Ẹrù tó bá kúrò lórí alábárù ní Òkè-Àrín, orí ẹnìkan náà ló ń bọ́ sí, kì í fò lọ. Tó o bá lo ọ̀sẹ̀ kan sí i láti jẹ́ kí áàpù ẹ mọ̀ pé 18 jẹ́ ₦18,000, ìwọ lo rù ú, lẹ́ẹ̀kan. Tó ò bá ṣe é, àǹtí ẹ àti gbogbo ẹni tó bá lò ó á máa rù ú lójoojúmọ́. Èmi ò rí ìdí tó fi yẹ kó jẹ́ àwọn.

Ọ̀rọ̀ ojú àti ìka ò gba àkókò. Ẹni tó bá ti lé ní ogójì ọdún, ojú á bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀ lẹ́tà wẹ́wẹ́, gíláàsì wọn sì wà nínú báàgì lábẹ́ tábìlì. Wọ́n á ti fi lẹ́tà fóònù wọn sí èyí tó tóbi jù. Fi fóònù tìẹ náà síbẹ̀ kó o wá ṣí áàpù ẹ, mo mọ̀ pé bọ́tìnì kan máa sá kúrò lójú fóònù. Ilé-iṣẹ́ Google ní kí bọ́tìnì Android má kéré sí 48dp, bíi mìlímítà mẹ́sàn-án nìyẹn, o sì máa rántí pé èékánná gígùn wà ní Èkó yìí o, ẹni tó lẹ èékánná ò fi orí ìka tẹ fóònù, inú ìka ló fi ń tẹ̀ ẹ́. Àwọ̀ eérú lórí funfun, gbàgbé ẹ̀, oòrùn ọ̀sán ti gbé e mì. Ìlà mẹ́ta tó ń ṣí mẹ́nù ní igun òkè, tó o rò pé gbogbo ayé mọ̀, kọ ọ̀rọ̀ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ọ̀rọ̀ wo? Tó bá jẹ́ Yorùbá, jọ̀ọ́ má lọ gbé Yorùbá ìwé ìròyìn síbẹ̀. Mo rí áàpù kan tó kọ "ìdúnàádúrà" síbi tó yẹ kó kọ "Ọjà tí mo tà lónìí", Yorùbá ni, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́ nídìí aṣọ. Ọ̀rọ̀ tó ń jáde lẹ́nu àǹtí ẹ ni kó o kọ: àwìn, báláǹsì, ó kù, ó ti san. Tó bá jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń pè é, Gẹ̀ẹ́sì ni kó wà. Kó o sì dán fọ́ǹtì ẹ, ìyẹn bí lẹ́tà ṣe máa rí lójú, wò dáadáa, torí lẹ́tà "ẹ" ti ilẹ̀ yìí ní ààyè tiẹ̀ nínú Unicode, àkójọ lẹ́tà tí gbogbo kọ̀ǹpútà ń lò, ṣùgbọ́n "ẹ́" tó ní àmì lókè ò ní, ṣe ni wọ́n ń lẹ àmì mọ́ ọn, fọ́ǹtì olówó pọ́ọ́kú á gbé àmì náà sórí lẹ́tà tó tẹ̀ lé e, gbogbo ẹ̀ á wá dà bí ìwé tí òjò pa.

Bí wàá ṣe mọ̀ bóyá ó ti dáa ló kù. Má béèrè lọ́wọ́ àǹtí ẹ. Ọmọ Yorùbá tó ní ẹ̀kọ́ ilé ò ní wo ojú ẹ kó ní iṣẹ́ tó o fi oṣù mẹ́ta ṣe ò wúlò, á ní ó dáa, ọmọ mi, Olúwa á túbọ̀ la ọ̀nà fún ẹ, àdúrà tó o gbà yẹn gan-an ni èsì ẹ, o kàn ò gbọ́ ọ ni. Lọ síbẹ̀ ní ọwọ́ ọ̀sán tí ọjà bá gbóná, ra nǹkan kan kó o má bàa di ìdíwọ́, kó o ní, "Àǹtí, ẹ bá mi kọ ọ́ pé Ìyá Ṣadé ra yàáàdì mẹ́fà, ó san mẹ́wàá, ó ku méjì." Kó o wá pa ẹnu ẹ mọ́. Ọwọ́ ẹ á máa yún ẹ láti tọ́ka bọ́tìnì, fi sí abẹ́ itan. Ibi tí ìka wọn bá ti dúró lókè, tí kò mọ ibi tó máa bọ́ sí, kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà dá wọn dúró láàárín, bi wọ́n léèrè pé èló ni léèsì yẹn, kó o wo ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n bá padà sórí fóònù. Lọ sí ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin sí i, àwọn tí kì í ṣe ẹbí ẹ. Nielsen yẹn kan náà ló kọ ọ́ ní 2000 pé èèyàn márùn-ún tó láti fi rí èyí tó pọ̀ jù nínú ìṣòro, kéèyàn tún un ṣe, kó sì tún lọ dán an wò lọ́wọ́ àwọn márùn-ún mìíràn, ohun tí ojú mi sì ti rí náà nìyẹn, ní ti ẹni kẹta ni mo ti máa ń fẹ́ lọ gbé kọ̀ǹpútà mi.

Fídíò yẹn, má dààmú nípa ẹ̀ mọ́, dátà wọn ló máa jẹ.

Tó o bá débẹ̀, bá mi wo àǹkárá aláwọ̀ ewé tó ní ẹyẹ, yàáàdì mẹ́fà, ìyàwó mi ń wá a. Mo máa fi owó ẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹ kó tó di ìrọ̀lẹ́. Sọ fún wọn kí wọ́n má kọ mí sí àwìn o, torí mo mọ̀ pé inú ìwé yẹn ni wọ́n ṣì máa kọ ọ́ sí.